Mọ́ọ̀dù àti ọrùn gìtá bíi ti àwọn ará Sípéènì: ṣé àwọn méjèèjì lè bára wọn ṣe?

Onígìtá Adó béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ igi, ẹ kú làálàá o. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì sì máa ń ṣe gìtá olókùn ọ̀rá fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ta á. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é títí di ìsinsìnyí ni pé a máa ń fi iná tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó kì wọ́n bọ inú mọ́ọ̀dù tí mo fi pílíwúùdù gé, a ó lẹ ojú àti ẹ̀yìn mọ́ wọn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di odindi àpótí, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi bọ́ọ̀tì de ọrùn mọ́ ọn. Mọ́ọ̀dù náà yí gìtá ká pátápátá, kò sí ibi tó ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan gbé ògbólógbòó gìtá kan tí wọ́n ṣe ní Sípéènì wá pé kí n bá òun lẹ ọ̀pá kan tó ṣí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ti dígí kékeré bọ ojú ihò rẹ̀, mo rí i pé kò sí bọ́ọ̀tì kankan níbi tí ọrùn ti pàdé àpótí. Igi ọrùn náà fúnra rẹ̀ ló wọlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ojú gìtá, orí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì sì kì bọ inú ojú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là sára gìgísẹ̀ ọrùn náà, ìyẹn ìdí ọrùn tó nípọn níbi tó ti pàdé àpótí. Dípò ọ̀pá gígùn tí èmi máa ń lò láti so ẹ̀gbẹ́ mọ́ ojú, ègé igi kéékèèké ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, gọ́ọ̀mù tó sun láti abẹ́ wọn sì ti pọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Irú ọrùn yìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mọ́ọ̀dù tó pa yíká kò ní jẹ́ kí ọrùn tó ti wà lára ojú gìtá ráyè kọjá. Ṣé kí n pa mọ́ọ̀dù tì ni, tàbí ọ̀nà wà tí àwọn méjèèjì fi lè bára wọn ṣe? N kò fẹ́ kí gìtá tí ọmọ iṣẹ́ kan ṣe fẹ̀ ní ìdí ju ti ọmọ iṣẹ́ kejì lọ. Bákan náà, bí kò bá sí bọ́ọ̀tì tí mo lè tú láti tún ọrùn gbé, báwo ni mo ṣe máa rí i dájú láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọrùn dúró sí ipò tó yẹ, kí okùn má baà ga jù lórí fíréètì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Agbẹ́gi Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú ìbéèrè. Má ṣe ju mọ́ọ̀dù rẹ nù. Ṣe ni kí o là á ní apá orí, kí o má sì jẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ mọ́.

Nínú ọ̀nà tí o ń gbà ṣe é tẹ́lẹ̀, àpótí ló ń ṣáájú, ọrùn ló ń tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mọ́ọ̀dù ló ń pàṣẹ. Nínú ọ̀nà ti Sípéènì, ọrùn ló ń ṣáájú. A ó kọ́kọ́ lẹ ojú gìtá mọ́ ẹsẹ̀ ọrùn, ìyẹn apá ọrùn tó wọlé sábẹ́ ojú, a ó da àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀ lórí pátákó kan, a ó kì orí ẹ̀gbẹ́ bọ ojú ayùn tó wà lára gìgísẹ̀, a ó fi àwọn ègé igi kéékèèké tí o rí yẹn so ẹ̀gbẹ́ mọ́ ojú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ni a ó sì lẹ gbẹ̀yìn. Pátákó tí ojú gìtá dùbúlẹ̀ lé yìí ni àwọn ará Sípéènì ń pè ní solera, òun gan-an sì ni ọ̀gá. Bí solera bá tọ́, mọ́ọ̀dù tó yẹ̀ díẹ̀ kò lè ba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí solera bá wọ́, kò sí mọ́ọ̀dù tó lè gbà ọ́ sílẹ̀.

Fi pílíwúùdù tó nípọn tàbí MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ṣe solera, kó fẹ̀ tó láti gbé mọ́ọ̀dù, kí apá ọrùn rẹ̀ sì gùn dé ibi tí egungun orí ọrùn, ìyẹn ègé tí okùn ń gbà kọjá lápá orí ọrùn, máa wà. Fa ìlà àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀bẹ tó mú ni kí o fi fà á, nítorí pé pẹ́ńsù máa ń fẹ̀, ó sì máa ń parẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlà yìí ni ojú, ọrùn àti ìdí gìtá máa tò sí. Ní ibi tí ìdí gìtá máa dùbúlẹ̀ sí, ha pátákó náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín, títí yóò fi jìn tó mìlímítà 2 ní ibi tí bíríìjì, ìyẹn igi tí a ń so okùn mọ́ lójú gìtá, máa wà, kí ojú gìtá lè rú sókè díẹ̀ nígbà tí o bá dá a padà. Etí yíká kò gbọ́dọ̀ jìn rárá.

Ní ti ipò ọrùn, ìṣirò ni kí o gbára lé. Ká ní okùn rẹ gùn ní mìlímítà 650, tí í ṣe ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ gìtá irú èyí ń lò, tí fíréètì kejìlá sì bọ́ sí ibi tí ọrùn ti pàdé àpótí, a jẹ́ pé mìlímítà 325 ló wà láti ibẹ̀ sí egungun orí ọrùn, 325 náà ló sì wà láti ibẹ̀ sí bíríìjì. Fi etí ojú gìtá ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n. Ní bíríìjì, ojú ti rú sókè ní mìlímítà 2, okùn sì fi nǹkan bíi 10 ga ju ojú lọ, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ní fíréètì kejìlá, pátákó ìtẹ̀ka, ìyẹn pátákó tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ọrùn tí fíréètì wà lára rẹ̀, nípọn ní 6, fíréètì ga ní 1, àlàfo tó wà láàárín fíréètì àti okùn jẹ́ 3 ní ìhà okùn tínrín àti 4 ní ìhà okùn nípọn, ká fi í sí 3.5, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.5. Okùn ti fi 1.5 lọ sílẹ̀ láti bíríìjì dé fíréètì kejìlá. Nígbà tó sì jẹ́ pé títọ́ ni okùn máa ń lọ, yóò tún fi 1.5 mìíràn lọ sílẹ̀ kó tó dé egungun orí ọrùn, yóò wà ní 9. Níbẹ̀, pátákó ìtẹ̀ka, gíga fíréètì àti àlàfo kékeré tó wà lókè fíréètì àkọ́kọ́ jẹ́ 7.5. Mìlímítà 1.5 tó ṣẹ́ kù ni ojú ọrùn gbọ́dọ̀ fi yọ sí ìhà okùn ní òpin rẹ̀. Níwọ̀n bí gìtá ti dojú bolẹ̀ lórí solera, ìfági ni wàá fi fá apá ọrùn lára solera lọ sísàlẹ̀, láti òdo ní ibi fíréètì kejìlá títí dé 1.5 ní ibi egungun orí ọrùn. Bí bíríìjì tìrẹ bá ga ju èyí lọ, tàbí tí pátákó ìtẹ̀ka rẹ bá fẹ́lẹ́ jù ú lọ, tún ìṣirò náà ṣe kí o tó fọwọ́ kan ìfági.

Ó wá ku mọ́ọ̀dù. Fi ayùn là á sí méjì lójú ìlà àárín, kí o sì gé àlàfo sílẹ̀ ní apá orí tó fẹ̀ ní mìlímítà 70 sí 80, nítorí pé ọrùn máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi 62 níbi tó ti pàdé àpótí. Kò yẹ kí mọ́ọ̀dù ga ju mìlímítà 50 sí 60 lọ. Ẹ̀gbẹ́ gìtá ga ní nǹkan bíi 90 sí 100, ìyókù gbọ́dọ̀ yọ síta kí ọwọ́ àti kíláàǹpù lè ráyè. Fi bọ́ọ̀tì de ìdajì kọ̀ọ̀kan mọ́ solera, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ihò bọ́ọ̀tì náà gùn díẹ̀, kí o lè máa sún mọ́ọ̀dù sọ́tùn-ún tàbí sósì kó tó di pé o fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ̀gbẹ́ bá ti wọ ojú ayùn lára gìgísẹ̀, ibẹ̀ ló ti fìdí múlẹ̀. Bí mọ́ọ̀dù bá wá tì í sí ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan péré, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀: yálà kí ọrùn yà kúrò lójú ìlà àárín, tàbí kí èjìká gìtá pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kó ti yípo. Mọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ lọ bá ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ bá mọ́ọ̀dù.

Ojú ayùn náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi fíréètì kejìlá gan-an, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí igi tó nípọn tó mìlímítà 15 ó kéré tán sì ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ní mìlímítà 2 kò nílò kí ojú ayùn fún un mọ́ra pinpin. Là á kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kí o fi wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn lápá kan tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì, ti ẹ̀gbẹ́ láti inú títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara gìgísẹ̀. Ibi tí ojú ń rí láti ìta yóò pa dé, wẹ́ẹ̀jì kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí orí ẹ̀gbẹ́ gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí o máa gé e kù nígbà tí o bá ń dán an wò láìsí gọ́ọ̀mù.

Alátùn-únṣe Ìkọ̀lé fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ́gi, ẹ kú ọgbọ́n. Mo tún ìṣirò yín ṣe lórí ìwé, ó péye. Ibi tí èmi ti yàtọ̀ sí yín ni ti mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ohun èlò orin ni èmi ìyá yín ń ṣe ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ohun tí mo sì ń rí nínú àwọn gìtá tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ń fi tipátipá mú ẹ̀gbẹ́.

Mọ́ọ̀dù tó yí gìtá ká máa ń bo àléébù títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ lórí páìpù gbígbóná, ìbàdí rẹ̀ kò wọlé tó, ó ti í mọ́ ara mọ́ọ̀dù, ó fi kíláàǹpù mú un, ojú rí i pé ó bá a mu. Ó lẹ ojú gìtá mọ́ ọn, ó yọ mọ́ọ̀dù, àpótí kò tú. Ṣùgbọ́n igi náà ṣì ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà, etí ojú gìtá ló sì ń fà. Bí a bá lo solera nìkan, tí a kan àwọn ègé igi onígun mẹ́rin sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìlà tí a fà yíká, tí ẹ̀gbẹ́ kàn ń fara ti wọn, ẹ̀gbẹ́ tí a kò tẹ̀ dáadáa á fi ara rẹ̀ hàn kíákíá, torí pé kò ní gbà láti dúró. A ó gbé e padà sórí páìpù. Bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí a ó fi yí i padà fún ẹni tí kì í ṣe gìtá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ etí ojú gìtá kì í ṣe tuntun. Antonio de Torres, tó gbé láyé láàárín 1817 sí 1892, tí ó sì jẹ́ ará Almería, ló fún gìtá òde òní ní ìrísí àti ìwọ̀n tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé. Ní 1862, ó ṣe gìtá kan tó fi páálí ṣe ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, igi gidi ló sì fi ṣe ojú, kó lè fi han àwọn ènìyàn pé ojú ni olórí ibi tí ohùn ti ń jáde. Gìtá náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona títí di òní. Bí ẹ̀gbẹ́ páálí bá lè gbé ohùn dúró, a jẹ́ pé ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kò ju pé kó dúró jẹ́ẹ́, kó má ṣe yọ ojú lẹ́nu.

Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé mọ́ọ̀dù àti ọrùn tí a ń so mọ́ àpótí lẹ́yìn ni wọ́n jọ ń rìn. Ilé iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1833, lò ó pẹ̀lú ọrùn tí wọ́n gé bí ìrù ẹyẹlé, èyí tí alátùn-únṣe lè fi ooru omi gbígbóná tú jáde bí ipò ọrùn bá yí padà. Gìtá olókùn irin nílò irú ààyè bẹ́ẹ̀ nítorí pé okùn rẹ̀ máa ń fa ọrùn gidigidi. Okùn ọ̀rá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò fà ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 40 lọ, ìdí nìyẹn tí ọrùn ti Sípéènì fi lè pẹ́ láìsí pé a tú u. Ṣùgbọ́n bí ipò rẹ̀ kò bá tọ́ láti ọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó máa tú u láìgé nǹkan. Èmi kì í gbà á bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì, solera kan náà àti pátákó àwòṣe kan náà, ìyẹn èyí tí a gé bí ìrísí gìtá láti fi fa ìlà, ni kí wọ́n jọ máa lò. Ibẹ̀ ni ìbáradọ́gba ti máa wá.

Onígìtá Adó fèsì:

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa bù sí ọgbọ́n yín. Mo ti rí i báyìí pé solera ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbé ayùn sórí mọ́ọ̀dù, mo sì máa ṣe pátákó àwòṣe tí ìyá wa sọ kí n lè fi méjèèjì wé ara wọn.

Ó ku ohun méjì tí kò tíì yé mi. Àkọ́kọ́ ni ti ojú ọjọ́ wa. Ẹ mọ bí ọ̀rinrin ṣe máa ń pọ̀ ní Èkìtì nígbà òjò, àti bí ọyẹ́ ṣe máa ń gbẹ gbogbo nǹkan títí ilẹ̀kùn yóò fi máa mì nínú férémù rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bá wọ inú ojú ayùn tó jẹ́ mìlímítà mélòó kan péré, ṣé ọyẹ́ kò ní ṣí i? Igi wo ni kí n sì fi ṣe ọrùn nínú èyí tí a lè rí nítòsí? Èkejì ni pé, ìgbà wo gan-an ni mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kúrò, ṣáájú kí a tó lẹ ẹ̀yìn ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀?

Onígi Ìjerò fèsì:

Iṣẹ́ títa pákó ni mo ń ṣe ní Ìjerò-Èkìtì, igi àti ojú ọjọ́ ni n ó sì dúró lé lórí, kí àwọn àgbà dáhùn ìyókù.

Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà ní gígùn rẹ̀. Ìbú ló ti ń fẹ̀ nígbà òjò, ìbú náà ló sì ti ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, inú mi sì dùn pé pílíwúùdù ni ẹ fi ṣe tiyín, nítorí pé àwọn ìpele rẹ̀ dábùú ara wọn, ìkan kò jẹ́ kí ìkejì rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi pákó lásán gé mọ́ọ̀dù gìtá tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 370 mìlímítà, ìbú náà lè fi ohun tó ju mìlímítà kan lọ yàtọ̀ láàárín oṣù kẹsàn-án àti oṣù kìíní, a sì ti gbọ́ lókè ohun tí mìlímítà kan lè ṣe sí ìlà àárín. MDF náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi. Ẹ fi fáníìṣì pa á lójú pátápátá, títí kan etí rẹ̀.

Fún ọrùn, igi tí àwọn ará Sípéènì ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní sídà, Cedrela odorata, tí í ṣe igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí ojú ọjọ́ ti gbóná. Ìbátan ọ̀gànwó tiwa ni, ọ̀gànwó náà ni n ó sì dábàá fún yín. Ọ̀gànwó wúwo jù ú lọ díẹ̀, kì í sì yí púpọ̀ bó bá ti gbẹ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé iṣan igi rẹ̀ sábà máa ń lọ síwá sẹ́yìn, tí ìfági bá kọjá lórí rẹ̀ lọ́nà kan yóò jọ̀lọ̀, tó bá padà yóò fà á ya. Ẹ gé ègé kékeré láti ìdí pákó náà, ẹ fi ọwọ́ là á pẹ̀lú ṣísẹ̀lì: bó bá là gbọọrọ, ẹ rà á, bó bá yí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe àga. Ìrókò lágbára, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ máa ń yọ imú àti ojú lẹ́nu, ó sì wúwo fún ọrùn. Àrẹ̀rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ lè fi ṣe ohun tí a ń fi sábẹ́ kíláàǹpù kó má baà tẹ ojú gìtá lójú. Láti ara pákó kan náà ni kí ẹ ti gé gbogbo ègé tí ẹ máa tò léra wọn di gìgísẹ̀, kí iṣan wọn sì dojú kọ ibì kan náà, kí wọ́n lè jọ máa fẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa sún kì.

Ẹ jẹ́ kí pákó náà rí òjò kan àti ọyẹ́ kan lábẹ́ òrùlé kí ẹ tó là á. Bí ọrùn bá gbẹ kí a tó la ojú ayùn sí i, ọyẹ́ kò ní ṣí i ju bí gọ́ọ̀mù àti wẹ́ẹ̀jì ṣe lè fara dà lọ. Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni ojú gìtá, tí kò nípọn ju mìlímítà 2.5 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Olówè ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní British Museum báyìí, inú igi tó nípọn ló ti yọ ère rẹ̀, igi bẹ́ẹ̀ sì lè rìn díẹ̀ láìsí ìpalára ńlá. Ojú gìtá kò ní irú ààyè yẹn, nítorí pé a ti lẹ ọ̀pá tó dábùú iṣan rẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Bí a bá lẹ ọ̀pá wọ̀nyẹn nígbà tí ojú ti mu ọ̀rinrin yó, ọyẹ́ á dé, ojú á fẹ́ sún kì, ọ̀pá kò ní gbà fún un, ojú á là. Ìwọ̀n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ń ṣe gìtá ń wá ni ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí òjò bá wà nílẹ̀ tí iṣẹ́ kò sì lè dúró, kọ́bọ́ọ̀dù tó dé dáadáa, tí gílóòbù tó ń gbóná wà nínú rẹ̀, lè gbẹ ojú àti ọ̀pá títí ìwọ̀n náà yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mú wọn jáde, ẹ lẹ̀ wọ́n kíákíá, ẹ dá wọn padà síbẹ̀.

Agbẹ́gi Ìkẹ́rẹ́ fèsì:

Onígi, o ṣeun, ọ̀rọ̀ tìrẹ parí ti igi. Ìyá wa ní Ìkọ̀lé, ẹ̀rù tí ẹ sọ tọ́, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí ẹ̀gbẹ́ tí a fi tipá mú. Èmi ṣì gbà pé níbi tí ọmọ iṣẹ́ bá ti ju ẹyọ kan lọ, mọ́ọ̀dù tó là sí méjì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àṣìṣe ọwọ́, nítorí pé ọwọ́ wọn kò tíì mọ páìpù gbígbóná dáadáa. Ọ̀nà tí a lè gbà so èrò wa méjèèjì pọ̀ ni pé kí Onígìtá Adó máa gbé ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ lé orí àwòrán gìtá lórí tábìlì kó tó fi ojú kan mọ́ọ̀dù. Bó bá fi ju mìlímítà 2 yà kúrò lójú ìlà níbikíbi láìsí pé ọwọ́ dì í mú, kó padà sórí páìpù.

Àbúrò, ṣáájú kí o tó lẹ ẹ̀yìn ni kí mọ́ọ̀dù kúrò. Dúró títí gọ́ọ̀mù inú ojú ayùn, ti ìdí gìtá àti ti gbogbo ègé igi kéékèèké yóò fi gbẹ, kí o sì ti lẹ ọ̀pá tó máa gbé ẹ̀yìn dúró mọ́ etí ẹ̀gbẹ́. Tú bọ́ọ̀tì, fa ìdajì méjèèjì sẹ́yìn, kí o wo ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Bó bá dúró lójú ìlà rẹ̀, iṣẹ́ dára. Gbé gìtá kúrò lórí solera nígbà náà, yí i padà, kí o gbé pátákó ìtẹ̀ka lé ojú ọrùn láìtíì lẹ̀ ẹ́, kí o fi rúlà gígùn tó tọ́ lé e lórí, kí orí rúlà náà kọjá sí ìhà bíríìjì, kí o sì wọn ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí bíríìjì máa wà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì lẹ ẹ̀yìn, ọrùn ṣì lè gbà fún ọ díẹ̀. Bí a bá ti lẹ ẹ̀yìn mọ́ gìgísẹ̀, ipò tó wà yẹn ni yóò wà.

Fún ìdí èyí, dá gìtá padà sórí solera kí o tó lẹ ẹ̀yìn, fi kíláàǹpù de ọrùn mọ́ solera ní ibi egungun orí ọrùn àti ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kí o fi ìfági fá gìgísẹ̀ àti etí yíká títí ẹ̀yìn yóò fi jókòó lé wọn láìsí ojú ihò. Kò sí mọ́ọ̀dù lọ́nà mọ́, nítorí náà o lè fi okùn wé gìtá àti solera pọ̀ yíká, tàbí kí o la ọparun sí tẹ́ẹ́rẹ́, kí o tẹ̀ wọ́n sáàárín ẹ̀yìn gìtá àti pátákó tí o kàn sókè, kí wọ́n máa ti ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀. Ọparun pọ̀ ní Èkìtì, ó sì ń ti nǹkan dọ́gba. Má ṣe tú kíláàǹpù ọrùn kí odindi ọjọ́ kan tó kọjá, kódà bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ lójú.